Ẹ̀jẹ̀ tí a kò wọ̀n: ohun tí ó yẹ kí ilé Mùsùlùmí mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ

Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní àdúgbò wa, agbẹ̀bí kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gbé sóbò wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún mímu. Ó tẹ́ ìró àtijọ́ kan sórí ẹní, ó da sóbò náà sí i, ó wá ní kí oníkálùkù sọ iye tí òun dà. Àwọn ìyá tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta mẹ́rin ní kò tó ọ̀rá píọ́wọ́tà kan. Àwa tí a jókòó ní apá ọkùnrin kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá méjì gbáko ni, ìyẹn lítà kan. Màmá náà wo ọ̀dọ̀ wa, ó ní: "Àfáà, iye ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gbé obìnrin lọ nìyí, ẹ kò sì rí ju ìdajì rẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ yẹn, òun sì ni ó jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ ka ìlànà tuntun tí ó jáde ní Cape Town ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ló gbé e jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún lágbàáyé àti ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí lágbàáyé. Wọ́n ní obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ ń pa lọ́dọọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 45,000. Ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ìyẹn ni ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi hàn pé nínú nǹkan bí obìnrin 260,000 tí oyún tàbí ìbímọ pa ní ọdún 2023, bí 75,000 jẹ́ ti Nàìjíríà. Nínú mẹ́wàá tí ó kú láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta tí ó jẹ́ tiwa. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló pa gbogbo wọn o. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, kòkòrò àrùn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ni ẹ̀jẹ̀ yíya wà nínú àwọn ohun tí ó ń pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwa. Àwa tí a jókòó sí ilé kéwú mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, tí à ń pè ní nífáàsì. Nínú ìwé Akhdarī tí ọ̀pọ̀ wa kà ní kékeré, a kọ́ pé ọgọ́ta ọjọ́ ni òpin rẹ̀ ní mọ́síhábì Màlíkì. A kọ́ ìgbà tí obìnrin yóò wẹ̀, àti ìgbà tí yóò padà sí ìrun àti ààwẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní iye ọjọ́, wọ́n kọ́ wa ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní ìwọ̀n. Ẹ̀bi ìwé náà kọ́, nítorí ìjọsìn ni ó wá kọ́ni, kì í ṣe ìṣègùn. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ti di ohun tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó gbọ́dọ̀ dà ni. Ìyá ọkọ á ní kí wọ́n jẹ́ kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Bí ó bá wá ń dà ju bí ó ṣe yẹ lọ, wọ́n á ní ara rẹ̀ ń mọ́ ni.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Nígbà tí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gba ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan péré máa ń tó ìdajì lítà, ìyẹn ọ̀rá píọ́wọ́tà kan. Ara ògiri ilé ọmọ ni ibi ọmọ lẹ̀ mọ́. Bí ọmọ bá jáde tí ibi náà sì já, ojú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun fi ń pa wọ́n dé ni ẹran ara ilé ọmọ fúnra rẹ̀: yóò sún kì, yóò le bí ìkúùkù, yóò sì fún àwọn iṣan náà pa bí ẹni fi ọwọ́ fún rọ́bà omi. Bí ilé ọmọ bá ti rẹ̀ tí kò lè sún kì, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Èyí ni ó ń fa nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ yíya. Ìyókù lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú ibi ọmọ kù sínú, tàbí pé ojú ara ya, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà kì í dì. Ìrọbí tí ó pẹ́, ọmọ tí ó tóbi àti ọmọ tí ó ju ọ̀kan lọ máa ń mú kí ilé ọmọ rẹ̀, àwa Yorùbá sì kọ́ ni a ó sọ fún pé ìbejì pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn kò ní àmì kankan tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bí márùn-ún tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà kò tíì gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀kẹfà yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni rírí i. Ojú ni àwọn agbẹ̀bí fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ojú a sì máa tan ènìyàn. Ìró àti bẹ́ẹ̀dì á fa díẹ̀ mu, díẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ omi ìbímọ, òmíràn á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ tí kò fi ní jọ nǹkan. Ara obìnrin tí ó ṣì kéré náà a tún máa bo àṣírí. Ọkàn rẹ̀ á máa sáré láti fi dípò ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lọ, ìfúnpá rẹ̀ kò ní tíì wálẹ̀, yóò ṣì máa dáhùn bí wọ́n bá kí i kú ewu. Lẹ́yìn náà ni yóò dá kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ fi máa ń sọ níbi jànáàsà pé, "A ṣì jọ sọ̀rọ̀ ni." Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa.

Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n báyìí kò le rárá. Ọ̀rá kan ni, tí ó mọ́ gaara, tí wọ́n máa ń tẹ́ sí abẹ́ ìdí obìnrin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ọmọ bá ti jáde. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí àpò, gbogbo ẹ̀jẹ̀ á sì ṣàn sínú rẹ̀. Wọ́n ti fa ìlà sí i lára bí ti kọ́ọ̀bù ìwọnmúìkù àwọn oníṣẹ́ oúnjẹ, kí agbẹ̀bí lè ka iye tí ó ti dà. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, ní ìṣẹ́jú 15-15, agbẹ̀bí á wo ìlà náà, á ka bí ọkàn ṣe ń lù, á wọn ìfúnpá, á sì fi ọwọ́ tẹ ikùn wò bóyá ilé ọmọ le tàbí ó rọ̀. Tẹ́lẹ̀, ó di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá pé mílílítà 500 kí wọ́n tó pè é ní ewu. Ìlànà tuntun ní bí ó bá ti dé 300, tí ọkàn sì ń lù ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ìfúnpá ti wálẹ̀, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pé 500, kò sí àmì mìíràn tí a tún ń retí. Gbogbo èyí jẹ́ ti obìnrin tí ó bí ní ojú ara. Ti iṣẹ́ abẹ ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Bí ìlà náà bá ti kún, iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń ṣe pa pọ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ ra ikùn kí ilé ọmọ lè sún kì. Wọ́n á fún un ní oxytocin, oògùn tí ó ń mú ilé ọmọ le. Wọ́n á fún un ní tranexamic acid, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì tún yọ́. Wọ́n á fa omi dírípù sí i. Wọ́n á yẹ ojú ara àti ibi ọmọ wò bóyá nǹkan ya tàbí nǹkan kù sínú, bí ó bá sì ju agbára wọn lọ, kí wọ́n ké sí ẹni tí ó mọ̀ jù wọ́n lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 15 ni kí gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Àṣà àtijọ́ ni kí wọ́n ṣe ọ̀kan, kí wọ́n dúró wò ó, kí wọ́n tó ṣe èkejì. Ibi ìdúró-wò-ó yìí ni ẹ̀mí ti ń bọ́.

Tranexamic acid yìí, Utako Okamoto, dókítà obìnrin kan ní Japan, àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣe àwárí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó di ọdún 2017 kí àbájáde ìwádìí kan tó jáde lórí obìnrin tí ó lé ní 20,000 ní orílẹ̀-èdè 21, tí Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó fi hàn pé bí wọ́n bá fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ ní oògùn náà láàárín wákàtí mẹ́ta tí ó bímọ, ikú ẹ̀jẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá láìlò ó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kò wúlò mọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ oògùn kan wá di ọ̀rọ̀ aago.

Fún ẹni tí kò bá gbọ́ oògùn, ọ̀nà ṣì wà. Ní Bangladesh, Dókítà Sayeba Akhter rí i pé ọsibítù òun kò lágbára láti ra bàlúù olówó iyebíye tí àwọn òyìnbó ń lò láti fi tẹ inú ilé ọmọ. Ó so kọ́ńdọ̀mù mọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀, ó fi omi kún un nínú ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ sì dúró. Aṣọ kan tún wà tí wọ́n máa ń fi di ẹsẹ̀ àti ikùn obìnrin náà le, kí ẹ̀jẹ̀ tí ó kù lè padà sí ọkàn àti ọpọlọ nígbà tí mọ́tò ń gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Iṣẹ́ abẹ ni ìkẹyìn.

Ṣé ọ̀rá àti iṣẹ́ márùn-ún yìí ṣiṣẹ́? Wọ́n dán an wò ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, ní nǹkan bí ọsibítù 80, lórí obìnrin tí ó lé ní 200,000. Yunifásítì Birmingham ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ó darí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Yunifásítì Bayero ní Kano ni ó wà ní iwájú. Àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní àwọn ọsibítù tí ó ń fi ojú díwọ̀n, nínú obìnrin 100 tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn, nǹkan bí 51 ni wọ́n rí. Ní ibi tí wọ́n ti ń lo ọ̀rá, 93. Ẹ̀jẹ̀ tí ó pé lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀, àti ikú nítorí ẹ̀jẹ̀, bí a bá pa wọ́n pọ̀, fi 60 nínú 100 dín kù. Ẹ padà wo 51 yẹn. Inú ọsibítù ni àwọn obìnrin náà wà, lọ́wọ́ àwọn tí ó gba ìwé ẹ̀rí, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

A kò ní tan ara wa. Ọsibítù tí ó lè ṣe iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti dán èyí wò, kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí oníyàrá méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ìwádìí ìjọba ní ọdún 2018 sì sọ pé nínú ìbímọ 100 ní Nàìjíríà, 39 ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Ti apá ọ̀dọ̀ wa sàn ju ti Òkè Ọya lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ìyá àgbà tí ó ń gbẹ̀bí ní àdúgbò. Ìjọba àpapọ̀ kéde ní ìparí ọdún 2024 pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ yóò di ọ̀fẹ́ fún àwọn aboyún tí kò ní lọ́wọ́. Ohun rere ni. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ìgbà tí a bá dé yàrá iṣẹ́ abẹ, bí ọ̀rá oníìlà kò bá sì dé ilé ìlera kékeré tí ó wà ní wọ́ọ̀dù wa, ìdajì iṣẹ́ ni a ṣe.

Oògùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ibi tútù ni oxytocin gbọ́dọ̀ máa wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí. Nínú àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe lórí oxytocin tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, ó lé ní 70 nínú 100 tí kò dé ojú ìwọ̀n. Agbẹ̀bí lè gún abẹ́rẹ́ náà bó ṣe yẹ, kí ó sì jẹ́ pé omi lásán ni ó gún. Carbetocin kan wà tí ooru kì í bà jẹ́, ìlànà tuntun sì gbà á láàyè láti fi dènà ẹ̀jẹ̀ yíya. Níbi tí kò ti sí ẹni tí ó lè gún abẹ́rẹ́, oníhóró misoprostol wà. Bí a bá fẹ́ forúkọ aboyún sílẹ̀ níbì kan, ìbéèrè tí ó wúlò ju ti owó lọ ni èyí: níbo ni ẹ ń tọ́jú oxytocin sí, ta ni ó ń ṣọ́ fíríìjì náà bí iná bá lọ? Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ní ọ̀rá tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, àti ibi tí wọ́n máa ń gbé obìnrin lọ bí ó bá ju agbára wọn lọ. Ẹni tí ó bá bínú sí irú ìbéèrè yìí ti dá yín lóhùn.

Ó ku apá tiwa. A ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn wa lóru pé obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n fẹ́ hàǹtú. A mú wàláà, a kọ ọ́, a fọ̀ ọ́, a ṣe àdúà sí i. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ wa, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ̀rọ̀ mọ́tò. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí ó bí ní òru yẹn ń kéwú lọ́dọ̀ wa nísinsìnyí, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Àdúà dára, a ṣì ń ṣe é. Inú mọ́tò tí ó ń lọ ni ó yẹ kí a ti ṣe ti òru ọjọ́ náà.

Bí obìnrin bá kú sórí ìkúnlẹ̀, a máa ń sọ pé ikú ṣàhídì ni ó kú. Hádíìsì wà lórí rẹ̀, a kò jiyàn. Àwa náà ti fi tu àwọn olóòkú nínú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀san tí Ọlọ́hun fún obìnrin náà nìyẹn, kì í ṣe ìdáláre fún àwa tí a dúró tì í. Ẹni tí omi gbé lọ náà wà nínú àwọn tí Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kà mọ́ ṣàhídì. Kò sí bàbá tí yóò rí ọmọ rẹ̀ tí ó ń rì, tí yóò káwọ́ gbera nítorí ìyẹn.

Àwọn kan ń ṣiyèméjì pé dókítà ọkùnrin ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin ni kí a kọ́kọ́ wá, òótọ́ ni, ìgbà tí oyún ṣì wà ní oṣù kẹta kẹrin sì ni kí a ti wá a. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà, ọ̀rọ̀ ti di ti làlúrà, àwọn onímọ̀ fíkìhì sì mọ ohun tí làlúrà máa ń sọ di ẹ̀tọ́. Bákan náà ni gbígba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sára láti fi gba ẹ̀mí là. Ní ti àṣẹ ọkọ, kí ọkọ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn ti fún ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ láṣẹ kí oṣù tó pé, kí ó sì fi owó mọ́tò àti owó àsansílẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tí ó wà nílé. Fóònù tí kò lọ kò gbọ́dọ̀ di ìdí tí obìnrin fi wà lórí ẹní títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí aboyún náà sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún un déédéé, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀, díẹ̀ tí ó bá dà lè pa á.

Màmá agbẹ̀bí tí ó da sóbò sílẹ̀ ní ìbéèrè kan fún àwa ọkùnrin kí ó tó lọ. Ó ní ní òru tí wọ́n bá ní kí a wá ẹ̀jẹ̀ wá, ta ni a ó pè? A wo ara wa. Ní Jímọ́ tí ó tẹ̀lé e, a gbé ìwé kan àti bírò sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kí ẹni tí ó bá lè fúnni ní ẹ̀jẹ̀ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlélógún ló kọ orúkọ lọ́jọ́ náà. Mẹ́fà péré nínú wọn ló mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára òun. Àwọn yòókù ń lọ ṣe àyẹ̀wò ní Àtàláátà tí ń bọ̀, ìwé náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.